Ohùn Méjì Nínú Ọ̀fun Chinchi

Iṣẹ́ alárinà ni wọ́n fi mọ èmi Dolgar ní gbogbo etí odò Khemchik. Tọkọtaya mọ́kànlélógún ni mo ti so pọ̀, ogún nínú wọn ṣì ń gbé pọ̀ dòní. Èyí tó tú ká, ẹ̀bi ọkọ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ti Ertine, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti Chinchi, ọmọ Sedip, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù láti máa sọ.

Norzhun ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí. Méjì kú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn, ó wá ku Ertine nìkan. Ọkọ rẹ̀ náà kú nígbà tí Ertine wà ní iṣẹ́ ológun. Torí náà, nígbà tí ọmọ yẹn padà délé tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹṣin, bó bá sín lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ á ti gbé tíì gbígbóná dé iwájú rẹ̀ kó tó sín ẹ̀ẹ̀kejì.

Ohun kan ṣoṣo ló wu Ertine láyé: orin ọ̀fun, tí àwa ń pè ní hoomey, kí ènìyàn kan fi ẹnu kan kọ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á máa kùn nísàlẹ̀, èkejì á máa súfèé lókè orí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó bi àwọn àgbà, wọ́n ní, "Máa gbọ́ odò, máa gbọ́ afẹ́fẹ́, yóò wá." Ó gbọ́ odò títí. Ohun tó wá dà bí igbe ọmọ màlúù tó rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn ẹṣin gan-an kì í dúró tì í bó bá ti la ẹnu.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ibùdó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ertine wọlé wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò tiẹ̀ kí mi.

"Àǹtí mi, ọkùnrin kan wà ní òdìkejì odò, lẹ́yìn àpáta pupa yẹn. Ẹ ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́la, màá sọdá lọ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi."

Ó sọdá lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Ó yí àpáta náà ká, kò rí ọkùnrin kankan. Agbo àgùntàn ló rí, àti ọmọbìnrin kan tó jókòó lórí òkúta, tó ń họ wàrà gbígbẹ jẹ.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹran yín ń ṣe dáadáa bí?"

"Wọ́n ń ṣe dáadáa. Tiyín ńkọ́?"

"Àwa náà ń dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tó ń kọrin níbí dà?"

"Ó ti lọ."

"Ọ̀nà wo ló gbà? Mi ò rí ojú ẹsẹ̀ ẹṣin kankan."

"Ẹsẹ̀ ló fi rìn."

"Ó dára. Màá jókòó dè é."

Ó so ẹṣin rẹ̀, ó jókòó. Oòrùn kúrò ní àárín òkè, Ertine ò dìde. Ọmọbìnrin náà pa àgùntàn pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà wá bá a níbẹ̀.

"Ẹ̀yin yìí, ṣé ẹ ò nílé ni?"

"Mo nílé. Ọ̀fun ni mi ò ní."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Ertine ní inú ẹ̀rín yẹn ni òun ti mọ̀ ọ́n, torí pé nísàlẹ̀ ẹ̀rín rẹ̀ ni ohùn tí òun gbọ́ láti òdìkejì odò dùbúlẹ̀ sí. Ó dìde dúró.

"Ìwọ ni."

Ojú ọmọbìnrin náà funfun bí ọ̀rá. Ó ní, "Bó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, o ti pa mí nìyẹn."

Kò sọ àsọdùn. Láyé wa nígbà náà, ọkùnrin ló ni orin yẹn. Wọ́n ní bí obìnrin bá kọ ọ́, inú rẹ̀ yóò gbẹ. Bó bá sì ráyè bímọ, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀mí wọn dí i. Èmi náà gbà á gbọ́. Ta ni ì bá bi wá pé ta ló rí i?

"Mi ò ní í sọ," ni Ertine dá a lóhùn. "Ṣé wàá kọ́ mi?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ertine ò mọ̀ ju ìbéèrè lọ. Níbo lo ti ń mú èémí? Kí lo fi ahọ́n rẹ ṣe? Kí ló dé tí ètè rẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀?

"Ya ẹnu rẹ kí n wò ó."

"Ṣé ẹṣin lò ń rà ni, tó o fẹ́ ka eyín mi?"

Síbẹ̀ ó ya ẹnu. Ó ní kí Ertine wúkọ́ díẹ̀ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ó ní, "Ibi tó dì pọ̀ yẹn, mú un dání. Má fún un pa, má sì jẹ́ kó bọ́." Lẹ́yìn náà, ó ní kó fi ahọ́n kan àjà ẹnu, kó sì ṣu ètè bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná. Ertine ṣe é, ohun tó jáde lé ọmọ àgùntàn méjì sá.

"Ohùn òkè yẹn lò ń lé kiri," ni Chinchi sọ. "Má lé e mọ́. Ó ti wà nínú ti ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn lásán lò ń ṣí fún un."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó máa ń tẹ̀lé Sedip bàbá rẹ̀ lẹ́yìn agbo. Bàbá ń kọ ọ́ lórí ẹṣin, òun ń kọ ọ́ sínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Oṣù méjì gbáko ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń wúkọ́. Ìyá rẹ̀ ń fi ọ̀rá ìrù àgùntàn sí tíì fún un, ó rò pé àyà ló ń dùn ún. Èmi ò bi í ní nǹkan kan, àmọ́ mo rí i pé koríko ti kú lójú ọ̀nà tó ń gbà lọ sétí odò. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń kùn nísàlẹ̀, nǹkan tín-ín-rín kan yọ lókè bí òwú. Ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́.

"O gbọ́ ọ?" ni Chinchi ń pariwo. "O gbọ́ ọ? Ìwọ nìyẹn!"

Ó di Chinchi lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún kọrin nínú wọn.

Ṣùgbọ́n iyèméjì ń jẹ ọmọbìnrin náà. Ṣé èmi ló fẹ́, àbí ọ̀fun mi? Ó sì bi í léèrè. "Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n kọ, ṣé ò bá sọdá odò yìí?"

Ertine ronú, torí kò mọ irọ́ í pa fún obìnrin. "Bó ò bá mọ̀ ọ́n kọ, mi ò bá má mọ̀ pé o wà láyé."

Chinchi sọ fún mi pé òun ru ìdáhùn yẹn lọ sílé, òun ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ṣa òkúta lódò, tí kò mọ̀ bóyá wúrà ni.

Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ọjọ́ ọdún àwọn olùṣọ́ ẹran pé. Wọ́n ja ìjàkadì, wọ́n sáré ẹṣin, ó wá kan ìdíje orin ọ̀fun. Ertine jáde. Norzhun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ tó ń kọ bíi màlúù! Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mú àwọn arúgbó dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró. Ẹni kẹta ló ṣe, wọ́n fún un ní àgbò kan. Bàbá àgbà tó ń ṣe adájọ́ bi í níwájú gbogbo èèyàn pé, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ?"

Ertine wo àárín àwọn obìnrin. Mo rí i tó wò, mi ò mọ ẹni tó ń wò. Ó ní, "Odò ló kọ́ mi, bàbá."

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìdáhùn tó dáa gan-an ni lójú wa.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Ertine wá bá mi, ojú rẹ̀ ti jìn sínú.

"Àǹtí mi, mo purọ́ mọ́ olùkọ́ mi. Kò wá sí ìdí àpáta mọ́."

"Olùkọ́ wo?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀.

"Obìnrin, Ertine?"

"Obìnrin, Àǹtí mi. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

Alárinà ni mí, mo di ẹṣin mi ní gàárì. Kí n sọ òótọ́, ìfẹ́ àtirí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìrìn yẹn ju ìfẹ́ àtibá wọn ṣe lọ. Mo bá Chinchi nídìí ewúrẹ́ tó ń fún wàrà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún mi.

"Ìwọ lo ní kó má sọ," ni mo wí fún un. "Kí ló wá dé tó o ń bínú?"

"Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn, Màmá. Èmi ni mo mú un búra. Àmọ́ nígbà tí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún odò, inú bí mi sí odò." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ sọ fún un pé kó lọ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Bó bá lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, a lè máa sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Ertine sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, mo jókòó níbẹ̀. Norzhun gbọ́ ọ tán, kò pariwo. Ó ń fi aṣọ nu àwo kan tó ti gbẹ tipẹ́.

"Rárá."

"Ìyá mi..."

"Mo ti sin méjì. Ṣé ọwọ́ ara mi ni kí n fi mú ẹni tó máa mú ẹ̀kẹta lọ wọlé?" Ó kọjú sí mi. "Dolgar, lọ sọ fún ọmọ náà pé mi ò kórìíra rẹ̀. Kó búra pé òun ò ní í kọ ọ́ mọ́ láéláé, màá gbà á bí ọmọ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo rò pé ó ti bùṣe. Ọmọ wo ni kò ní í fi orin gba ọkọ? Chinchi dá mi lóhùn:

"Mo lè búra, Màmá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èmi nìkan bá wà pẹ̀lú agbo, yóò jáde, mo mọ ara mi. Màá wá di òpùrọ́ nínú ilé yín, bí nǹkan kan bá sì ṣe Ertine, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ gbà pé èmi ni mo pa á. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ kì í gbé inú àgọ́ pẹ́ níhà ọ̀dọ̀ wa. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo etí odò ti gbọ́ pé Norzhun kọ ọmọ Sedip, wọ́n sì ti gbọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn ìyàwó ń pòṣé bí Chinchi bá ti kọjá. Sedip wá pàdé mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. "Dolgar, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ẹnu mi ò ní í kan ọtí ilé rẹ̀ títí màá fi kú." Ó mọ ohun tó ń sọ. Bàbá ìyàwó tí kò bá mu ọtí alárinà, ọmọ rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Òtútù ọdún yẹn gùn. Ertine ń da ẹṣin, ó ń gé igi, ó ń kí ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kò kọrin. Kò bínú. Norzhun wá ń sọ fún mi pé, "Ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, kò fi ohunkóhun dù mí. Kí ni mo tún ń wá, Dolgar?" Alárinà tó bá gbọ́n a máa mọ ìgbà tí kò yẹ kóun sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún tuntun, Norzhun jí mi láàárọ̀, ó ti wọ ẹ̀wù onírun.

"Di ẹṣin méjì ní gàárì."

"Ó di ibo?"

"Mo fẹ́ lọ gbọ́ ọ."

Chinchi nìkan la bá ní ibùdó òtútù wọn, Sedip ti bá ẹran lọ. Ó gbé tíì fún wa. Norzhun mu tirẹ̀ tán pátá kó tó sọ̀rọ̀.

"Ohun tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu obìnrin ni mo fi lé ọ. Kò bójú mu. Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Chinchi wò mí. Mo mi orí sí i. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kí n sọ? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Èyí kọ́kọ́ wà nílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe máa ń dún nígbà tí agbo ẹṣin bá ń bọ̀ lókèèrè, ìyẹn tí o kò tíì rí wọn. Lẹ́yìn náà ni èkejì yọ, ó mọ́ gaara, ó ń rìn lórí ti ìsàlẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sẹ́yìn màlúù. Mo ń wo ẹnu ọmọ náà, mo ń wá ibi tí ẹnìkejì fara pamọ́ sí.

Norzhun dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ tì í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́fun. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé e lé ikùn.

"Tún un kọ."

Chinchi tún un kọ, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Ẹ̀gbọ́n mi ń fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, bí agbẹ̀bí. Ó pẹ́.

"Dolgar," ó ní, "ikùn rẹ̀ ń ṣe bí ikùn ẹni tó ń pe ewúrẹ́ láti òkèèrè. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni èmi ti ń pe ewúrẹ́."

Kò yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, àmọ́ bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. "Gbogbo òtútù yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi ara mi. Àwọn ọmọ mi méjì yẹn, ta ló kọrin lé wọn lórí? Mi ò kọ ọ́ rí. Ìyá mi ò kọ ọ́ rí. A pa gbogbo èèwọ̀ mọ́, kò sí èyí tá a fò. Wọ́n sì kú."

Omijé bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi; ìgbà tí wọ́n sin èkejì ni mo ti rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Chinchi di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

"Èmi náà ò mọ̀. Wá sílé mi, ká jọ wà nínú àìmọ̀ náà."

Ó wá ku Sedip. Nígbà tí yìnyín yọ́, mo gbé àpò awọ tó kún fún araka, ọtí wàrà wa, mo mú Ertine àti ìyá rẹ̀ dání, a lọ. Sedip gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo bu ọtí sínú àwo, mo fi ọwọ́ méjì gbé e fún un. Ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀ síwájú orúnkún rẹ̀, kò fi kan ẹnu. Àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó yí wa ká.

Norzhun ní, "Sedip, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo wá bẹ̀bẹ̀."

Ertine bá kúnlẹ̀.

"Bàbá, Chinchi ló kọ́ mi. Wọ́n bi mí níwájú gbogbo èèyàn, mo ní odò ni. Lọ́dún yìí, tí wọ́n bá bi mí, tí wọn ò bá tilẹ̀ bi mí, orúkọ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ dá kí n tó la ẹnu."

"Mo mọ̀," ni Sedip wí.

"Ẹ mọ kí ni, bàbá?"

"Lọ́jọ́ ìdíje yẹn, mo gbọ́ ọmọ mi lẹ́nu rẹ. Ibì kan wà tó máa ń yí ohùn sí, bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i." Ó wo Chinchi, tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Láti ìgbà tó o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn rí. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, ó di dandan kí n dá ọ lẹ́kun, ohùn yẹn sì dùn mọ́ mi. Mo wá jẹ́ kó o rò pé olè lò ń jà. Norzhun nìkan kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́."

Chinchi fi apá ẹ̀wù nu ojú.

"Wá jókòó síwájú mi," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kọ ọ́ lójú mi."

Ó wá, ó jókòó. Nígbà tó kọ́kọ́ la ẹnu, kò sóhun tó jáde. Ó mu tíì, ó tún un ṣe. Bí ohùn òkè rẹ̀ ṣe yọ ni Sedip náà wọlé pẹ̀lú tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n jọ ń lọ, ohùn mẹ́rin lẹ́nu èèyàn méjì. Ertine tó ti lè bá wọn kọ ọ́, ó panu mọ́, ó ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n parí, Sedip nawọ́ gbé àwo ọtí náà, ó gbé e sórí, ó mu ún dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nígbà tí ewé pọ́n. Ọdún kìíní kọjá, kò sí oyún. Ọdún kejì kọjá. Ẹ mọ ẹnu ayé. Lọ́jọ́ kan tá a lọ bu omi, obìnrin kan sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́, pé, "Ẹni tá a kìlọ̀ fún tí kò gbọ́, ikùn rẹ̀ á máa bá a sọ ọ́." Norzhun gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀. "Bó bí, ọmọ mi ló bí. Bí kò bí, ọmọ mi ni. Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́, tó o fi ń ka oṣù fún un?" Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ náà létí wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin ni Chinchi bí ọmọbìnrin, ọmọ ńlá, olóhùn gooro. Mo sáré láti àgọ́ dé àgọ́. Lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ohun kan náà ni mò ń sọ: "Ẹ rí i? Irọ́ ni! Irọ́ gbáà ni wọ́n ń pa fún wa!" Nígbà tí mo padà dé, mo tún sọ ọ́ lójú Norzhun. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó wò mí bí ìgbà tá a wà ní kékeré tí mo bá ṣe wèrè.

"Dolgar, dákẹ́. Má fi ọmọ mi ṣe ẹ̀rí nǹkan kan. Ọmọ ni."